Ibo ni kòkòrò àrùn ń gbà wọ inú ara?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 9, gbé ikọ́ àti ọ̀fìnkìn dé láti ilé ìwé. Kó tó pé ọjọ́ 3, èmi àti ọmọ kejì ti ń sín, ara wa ń gbóná, ṣùgbọ́n bàbá wọn tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan kò tilẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí a ti ń bá ìyẹn yí ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 6, ti tẹ ìṣó lánàá níbi tó ti ń sáré kiri láìwọ bàtà. Ojú ọgbẹ́ náà kéré, ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò ju ẹ̀kán méjì lọ. Mo fi omi ṣàn án, mo sì lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ẹ̀rù ti wá ń bà mí báyìí. Àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni mo ń fi oògùn apakòkòrò olóòórùn líle nu ilẹ̀, ògiri, àga àti ilẹ̀kùn, débi pé awọ ọwọ́ mi ti ń bó. Àńtíbáyótíìkì tí ẹnì kan lò kù nílé. Ṣé kí n pín in fún gbogbo wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀: ibo gan-an ni kòkòrò àrùn ń gbà wọ inú ara, kí ló sì ń ṣe níbẹ̀ tó fi ń di àìsàn?

Ìyá ọmọ mẹ́ta

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ikọ́ tì ná, ká mú ti ìṣó, torí òun ni kò ṣeé fi dọ̀la. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Ẹ ní ọgbẹ́ náà kéré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun tó máa ń fi ọkàn àwọn òbí balẹ̀ nìyẹn. Òun gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Inú erùpẹ̀, inú eruku àti inú ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Ó máa ń wé ara rẹ̀ sínú èèpo líle bíi hóró irúgbìn, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ohun kan ṣoṣo ló kórìíra: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Níbi tí ọ́síjìn bá wà, irúgbìn yẹn kì í hù. Nítorí náà, ọgbẹ́ gbàgàdà tó ṣí sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, kò tù ú lára tó ihò tóóró tí ìṣó lu, tó jìn, tí ẹnu rẹ̀ sì ti pa dé kíá. Ibẹ̀ ni yóò ti jí, tí yóò máa bí sí i, tí yóò sì máa tu oró. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kì í kúrò lójú ọgbẹ́. Oró rẹ̀ ló ń rin ìrìn àjò: ó ń gba inú àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ lọ sí inú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbẹ̀ ni yóò ti dí ẹnu ohun tó máa ń sọ fún ẹran ara pé kó dẹ̀. Ẹran ara á wá máa fún pọ̀ láìdẹ̀. Àgbọ̀n á dì, ọrùn á le, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun, títí tó fi máa kan ẹran ara tí a fi ń mí. Láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 21 ló sábà máa ń fara hàn; nígbà yẹn, ojú ọgbẹ́ lè ti jinná pátápátá. Mo ti dúró ti ọmọkùnrin kan tí àrùn yìí mú rí. Iná tí a tàn sínú yàrá rẹ̀ nìkan tó láti mú kí gbogbo ara rẹ̀ gan. Nígbà tí a bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá nǹkan gún un, wọ́n ní rárá. Ìgbà tí a bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó rántí.

Nọ́ọ̀sì á wo káàdì ọmọ yín. Bó bá ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀ pé, tí èyí tó gbà gbẹ̀yìn kò sì tíì pé ọdún 5, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kò nílò òmíràn. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún un ní ọ̀kan. Bí kò bá gbà á pé rí, tàbí tí ẹ kò rántí, wọ́n lè fún un ní àjẹsára, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ mìíràn kún un, èyí tó ń ká oró náà lọ́wọ́ kò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tún fọ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, wọ́n á wò ó bóyá ìdọ̀tí tàbí irin já sínú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ: ẹni tó bá gbé kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì yìí kan náà mì, kì í kó àrùn náà. Á gba inú ìfun kọjá, á bá ìgbẹ́ jáde, ó parí. Kòkòrò kan náà ni, ara kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èmi á fi kún un pé ògiri kọ̀ọ̀kan ló ní aláǹgbá tirẹ̀. Kòkòrò àrùn kì í kàn gba ibi gbogbo wọlé. Olúkúlùkù ló ní ọ̀nà tó mọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ ibi tó yẹ kó ṣọ́, á sì mọ ibi tó ti ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Gbogbo ìyókù ìdáhùn mi dá lórí èyí.

Awọ ara ni ògiri ilé. Bí a bá tẹ́ ti àgbàlagbà sílẹ̀ bí ẹní, á gùn tó bíi mítà 2, á sì fẹ̀ tó bíi mítà 1. Òkè rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó gbẹ, tó ń re dànù lójoojúmọ́, kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á sì bá a re. Kò ṣófo o: bakitéríà tí kì í ṣe wá ní ibi ti gba ilé síbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò ráyè jókòó. Iye bakitéríà tó ń gbé lára wa àti nínú ìfun wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye sẹ́ẹ̀lì ara wa dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín nímọ̀ràn láé pé kí ẹ pa gbogbo kòkòrò tó wà nílé. Ẹ ò lè ṣe é, kò sì yẹ kí ẹ ṣe é.

Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nínú ènìyàn 10 tí ara wọn le, bíi 3 ló ń gbé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus sínú ihò imú wọn láìmọ̀. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí awọ bá ya, bóyá abẹ fífá irun ló ha á tàbí èékánná, kòkòrò yìí kan náà lè wọ ibẹ̀ kó sọ ọ́ di eéwo, tàbí kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú eegun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ awọ tó ya yìí sọ́kàn, torí màá padà sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín tó ń bó.

Àwọn kòkòrò kan kì í dúró de ìgbà tí ògiri á lanu. Wọ́n máa ń lu ú fúnra wọn. Ọmọ aràn kan wà nínú ilẹ̀ tútù tí ìgbẹ́ ènìyàn ti bà jẹ́, tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé, tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, tí a ó húkọ́ gbé e dé ọ̀fun, tí a ó sì gbé e mì kó tó dé ìfun tó ń lọ. Ti àtọ̀sí ajá ń ti ara ìgbín inú omi jáde, ó sì ń gba awọ ẹni tó bá wọ odò náà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn mìíràn ń háyà ẹni tó máa bá wọn lu ògiri. Ibà nìyẹn: abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé e, gẹ́gẹ́ bí Ronald Ross, dókítà ará Britain, ṣe fi hàn ní ọdún 1897. Kòkòrò ibà kì í dúró pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ó ti sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde wá kọ lu sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó ń bẹ́ wọn. Gbígbọ̀n tí ara ń gbọ̀n nígbà tí ibà bá mú ènìyàn, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ń bẹ́ lọ́pọ̀ yanturu ni. Dìgbòlugi ní tirẹ̀ ń gba eyín ajá. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú itọ́ ajá náà, ó sì ń fi iṣan ṣe ọ̀nà lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ ni àǹfààní tí a ní. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń kú.

Ó kan imú, ọ̀nà tí ikọ́ yín gbà. Òun ló ṣòro jù láti tì, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mí mọ́. Bí ọmọ yín bá húkọ́, bó bá sín, kódà bó bá kàn ń sọ̀rọ̀, omi wínníwínní ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Èyí tó tóbi á já bọ́ sílẹ̀ láàárín mítà kan tàbí méjì. Èyí tó fúyẹ́ á máa fò kiri nínú yàrá bí èéfín. Ara kò fi imú sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Inú rẹ̀ títí dé ẹ̀dọ̀fóró ní ikun tó ń lẹ̀ bí àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ, abẹ́ ikun yẹn sì ní irun tí ojú lásán kò lè rí, tó ń fì bíi koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́, tó ń ti ikun àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn sókè sí ọ̀fun. A ó gbé e mì láìmọ̀, ásíìdì inú ikùn á sì pa á. Èéfín sìgá máa ń rọ irun wọ̀nyẹn lápá rọ wọ́n lẹ́sẹ̀, ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń mu sìgá sì ń jìyà rẹ̀ láìmu ún.

Fáírọ́ọ̀sì tó bá rí àyè kọjá ikun yìí ni ìṣòro. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹnu, kì í jẹun, kì í sì í lè bímọ fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ lásán ni, tí wọ́n fi nǹkan wé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára rẹ̀ bá ohun kan mu lára sẹ́ẹ̀lì imú wa, bíi kọ́kọ́rọ́ àti ojú ihò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á ṣí i sílẹ̀ fúnra rẹ̀, á gbé e wọlé, á ka ìwé àṣẹ náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáírọ́ọ̀sì mìíràn títí yóò fi kú sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ti ara rẹ̀ jáde á yí sí sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ló fà á tí fáírọ́ọ̀sì kan fi ń mú ọ̀fun, tí òmíràn ń mú ẹ̀dọ̀, tí ti éèdì sì ń lé sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọ̀gágun àwọn ọmọ ogun ara kiri.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀fìnkìn gbà dé ọ̀dọ̀ yín ni ọwọ́. Ọmọ nu imú, ó di ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀yin náà di ilẹ̀kùn mú, ẹ sì fi ọwọ́ nu ojú. Ojú ní ihò tóóró kan tó já sínú imú, ibi tí omijé ń gbà kọjá, nítorí náà ẹni tó fọwọ́ kan ojú ti fọwọ́ kan imú. Fáírọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ yín kò lè gba awọ ọwọ́ wọlé. Ó lè wà níbẹ̀ kó máa kú lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ti ẹnu: oúnjẹ àti omi. Ásíìdì inú ikùn ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, ó sì lágbára gan-an. Ó pọn dandan kí kòkòrò onígbáméjì pọ̀ lọ súà kó tó lè la inú ásíìdì yẹn kọjá lára ẹni tí ara rẹ̀ le; ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín ásíìdì kù kò nílò kó gbé iye yẹn mì. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, Shigella, kò rí bẹ́ẹ̀: láti orí 10 sí 100 péré tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọwọ́ ọmọ kan dé ọwọ́ ọmọ mìíràn láìjẹ́ pé omi bà jẹ́. Ẹ sì wo bí ìwà wọn ṣe yàtọ̀ tí wọ́n bá dé ìfun. Ti ìgbẹ́ ọ̀rìn ń wọ inú ara ìfun, ó ń gbẹ́ ẹ, ìdí rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìgbẹ́ jáde. Ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń la ara ìfun kọjá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Onígbáméjì kò la ohunkóhun kọjá. Ó jókòó sórí ìfun, ó tu oró, oró náà sì ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀: aláìsàn lè máa ya omi tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Omi tó ń jáde lára ló ń pa á, kì í ṣe ihò kankan tó dá sí i lára. Nítorí náà, omi ORS tó ní iyọ̀ àti ṣúgà nínú, tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un mu, ń gba ọ̀pọ̀ là. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti gbẹ jù á nílò omi tí wọ́n ń fà sí ara.

Ojú ara, ẹ̀jẹ̀ àti ibi ọmọ náà jẹ́ ọ̀nà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kòkòrò éèdì ń gba ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀, tàbí ara ìyá sí ọmọ. Ìdìmọ́ra àti ẹ̀fọn kì í gbé e. Bakitéríà E. coli tó wà jẹ́jẹ́ nínú ìfun ni ó sábà máa ń dá àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ sílẹ̀ bó bá ṣìnà dé ibẹ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó 20, ohun tó fi ń yọ àwọn obìnrin lẹ́nu jù nìyẹn. Ẹ kọ́ ọmọbìnrin láti máa nu ìdí láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Ẹ bi mí pé kí ló ń ṣe tó bá wọlé. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó rí nǹkan dì mú, torí ara kì í dẹ́kun fífọ ara rẹ̀: itọ́, omijé, ìtọ̀ àti ikun, gbogbo wọn ló ń gbọn àlejò dànù. Bó bá ti dì mú, ó di ọ̀rọ̀ iye. Bakitéríà E. coli tí ibùgbé tẹ́ lọ́rùn lè pín sí méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹyọ kan ní aago mẹ́wàá alẹ́, bí ohunkóhun kò bá dá a dúró, á ti ju mílíọ̀nù 16 lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Àwọn ọmọ ogun ara ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àárín ìgbà tí kòkòrò bá ń sàba nínú ara, tí ara sì ń kó ọmọ ogun jọ, ara ènìyàn lè yá gágá. Ọjọ́ 1 sí 4 ni fún ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní fúlúù. Ọmọ yín lè ti máa pín fáírọ́ọ̀sì fún yín kí òun fúnra rẹ̀ tó húkọ́, nítorí náà ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kò yà á sọ́tọ̀ kíákíá.

Lẹ́yìn náà ni ìparun, oríṣi mẹ́ta sì ni. Ẹ ti rí méjì: oró, bíi ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti bíbẹ́ sẹ́ẹ̀lì, bíi ti ibà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àìsàn, ogun tí ara wa ń jà ni. Ara gbígbóná kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò. Ọpọlọ ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìwọ̀n ìgbóná ara sókè torí ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í lè bí dáadáa nínú ooru, tí àwọn ọmọ ogun ara sì ń yára nínú rẹ̀. Ikun tó ń dà nímú ni omi tí ara fi ń fọ ilé. Ọyún jẹ́ òkú ọmọ ogun àti òkú kòkòrò pa pọ̀. Nígbà mìíràn ogun náà á wá le kọjá ààlà, á máa ba ilé tó ń gbà là jẹ́, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bá wọ̀ lára.

Ọkọ yín ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ó ti bá fáírọ́ọ̀sì yìí tàbí ìbátan rẹ̀ pàdé rí, tí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èyí tó wọ imú rẹ̀ kéré. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti mú un, ara rẹ̀ sì ti ṣẹ́gun rẹ̀ láìpariwo. Wíwọlé kì í ṣe àìsàn. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ni wọ́n fojú bù pé ó ti fa kòkòrò ikọ́ ife sínú, kòkòrò tí Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi han ayé ní ọdún 1882. Nínú 100 wọn, 5 sí 10 péré ni àìsàn náà máa mú láyé wọn. Lára àwọn tó kù, ọmọ ogun ara ti gbé kòkòrò náà mì, kò rí i pa, ó sì mọ odi yí i ká. Ohun tó bá sọ odi yẹn di ẹlẹgẹ́, bí éèdì, àìjẹunkánú tàbí àtọ̀gbẹ, ló ń tú u sílẹ̀.

Ẹ máà fún ẹnikẹ́ni ní àńtíbáyótíìkì tó kù nílé. Ara bakitéríà ni oògùn yẹn ti ń wá ohun tó máa bà jẹ́: ògiri rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní èyíkéyìí nínú wọn, fáírọ́ọ̀sì ló sì sábà máa ń fa ikọ́ àti ọ̀fìnkìn irú èyí tí ẹ ṣàpèjúwe. Àwọn bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ìfun yín ni ẹ máa pa, ẹ ó sì fi èyí tí oògùn náà kò ràn sílẹ̀ láti máa bí sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mu omi púpọ̀, kí ẹ sì fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tó bá ọjọ́ orí àti ìwúwo wọn mu bí ara ríro bá ń dà wọ́n láàmú. Ẹ máa wo mímí wọn. Ọmọ tó wà láàárín oṣù 2 sí 11 tó ń mí tó ẹ̀ẹ̀mí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ti ọdún 1 sí 5 tó ń mí tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Láìka ọjọ́ orí sí, bí igbá àyà bá ń wọnú nígbà tí ọmọ ń mí, bí kò bá lè mu omi, bí gìrì bá mú un, tàbí tó ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Nípa oògùn apakòkòrò. Ìyá, ilẹ̀ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀ títí ọwọ́ fi bó, ògiri ara yín gan-an lẹ ń là. Ọwọ́ tó sán ni kòkòrò eéwo ń wá. Ẹ dá a dúró, ẹ máa fi òróró tàbí ìpara pa ọwọ́ náà, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ẹ bá fẹ́ nu nǹkan. Ibi tí gbogbo ọwọ́ ń kàn, bíi ọwọ́ ilẹ̀kùn àti fóònù, ni kí ẹ máa nù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ nígbà àìsàn, ó tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má po apakòkòrò oníklórín pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn. Èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọwọ́ fífọ̀ ni kí ẹ gbé agbára yẹn lọ. Ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ní oṣù kẹrin ọdún 1847, bíi 18 nínú ìyá 100 ló ń kú sí ọwọ́ àwọn dókítà tó ń ti ibi òkú títú bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ignaz Semmelweis, dókítà kan níbẹ̀, ní kí gbogbo wọn máa fi omi oníklórín fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹfà, bíi 2 nínú 100 ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa bakitéríà tó ń fa ikú náà nígbà yẹn. Ó kàn gé ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni. Ẹ̀yin kò nílò klórín lọ́wọ́. Ọṣẹ ní orí méjì, ọ̀kan fẹ́ràn omi, èkejì fẹ́ràn ọ̀rá, ọ̀rá ló sì wé fáírọ́ọ̀sì fúlúù pọ̀. Ọṣẹ á fa á ya, omi á gbé ìyókù lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 20, títí dé àárín ìka: lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tó jẹun tàbí dáná, lẹ́yìn tí ẹ bá nu imú ọmọ. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ pẹ̀lú, kí èyí tó ń fò nínú yàrá lè bá afẹ́fẹ́ jáde.

Àrùn kan wà tí ọwọ́ fífọ̀ àti fèrèsé kò lè ká. Fáírọ́ọ̀sì éèyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tó wákàtí 2 lẹ́yìn tí ẹni tó ní in ti jáde, bí ènìyàn 10 tí kò ní àjẹsára bá sì sún mọ́ onítọ̀hún, ó lè mú 9 nínú wọn. Abẹ́rẹ́ méjì ló ń ti ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ ìṣó lọ lónìí, ẹ kó káàdì àwọn méjèèjì tó kù dání, kí nọ́ọ̀sì bá yín wo èyí tó kù fún wọn láti gbà.